Iṣu Yín Tí Kò Rà, Tí Kò sì Hù

Ìyá mi oníṣu, ẹ̀yin tí ẹnu yín kò kan orí iṣu rí,

Ọmọ yín aláròóyé ló ń kọ̀wé yìí o. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí mi pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni mo tún fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni kankan. Ìwé díẹ̀ tí ẹ fi èrè iṣu rán mi lọ kà, kí n tó sá fún ẹgba tíṣà, òun náà ni mò ń ná báyìí. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹgba ni kí ẹ bi. Ẹ̀yin náà ò mọ̀wé nígbà tí ẹ wà láyé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà lọ́hùn-ún. Wọn ò ní ṣàì ti kọ́ yín.

Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Eékún ń dùn mí, ojú ń ṣe bàìbàì, ẹnu nìkan ni kò tíì rẹ̀. Ẹgàn ni mò ń gbé, lẹ́yìn Ìgàndó. Igbó ni ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí. Ní báyìí, ilé ti gun orí ilé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti apá Ìgàndó, òórùn ààtàn ńlá ibẹ̀ á wọlé wá bá wa jẹun láìjẹ́ pé a pè é. Gbogbo ohun tí Èkó bá jẹ ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ ló ti ń rà, tó ń rú èéfín. Mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé wa pé a ò nílò aago, pé òórùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán. Nídìí ààtàn yẹn ni mo ti gbà pé kò sí nǹkan tí kì í rà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún yìí.

Ọ̀rọ̀ iṣu yín ni mo bá wá.

Ẹ rántí rẹ̀, àbí? Iṣu tí ẹ dì sínú apẹ̀rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ẹ ń bọ̀ wá sí Ìkọ̀tún, tí ẹ gbé lé itan nínú ọkọ̀ bí ọmọ, tí ẹ sì jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ gan-an dúró. Iṣu àwọn ẹlòmíràn ní orúkọ. Tiyín kò ní. Iṣu Ìyá là ń pè é. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí aró tó ti kan pupa, ẹ̀gún kéékèèké á sì tò sí ìtàkùn rẹ̀ láti ìdí dé òkè, tó fi jẹ́ pé ewúrẹ́ ò jẹ́ sún mọ́ ọn. Bó bá gún èmi tàbí Sàdíátù àbúrò mi lọ́wọ́, tí a ń ké, ẹ̀yin á ní, "Ó ń kí yín ni. Ẹ dá a lóhùn."

Kí ẹ tó bẹ iṣu yẹn, ẹ̀yin á kọ́kọ́ wọn orí rẹ̀ pẹ̀lú ìka ọwọ́ yín, ẹ̀yin á gé e sọ́tọ̀, ẹ̀yin á fi eérú ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, ẹ̀yin á sì gbé e sínú ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu lórí pẹpẹ. Ọmọ inú ilé yẹn kankan ò mọ bí orí iṣu ṣe ń dùn tàbí bó ṣe ń korò. Sàdíátù sunkún nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí iṣu ò tó, ẹ sì jẹ́ kó sunkún. Nígbà náà mo rò pé ahun ni yín. Bí òjò bá dé, orí iṣu yẹn ló ń padà lọ sínú ilẹ̀.

Látìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ọdún tí a ò gbìn ín. Sàdíátù jókòó sí ìsọ̀ yín ní Ìkọ̀tún, ó ń ta iṣu. Èmi ń gbin tiyín sórí ilẹ̀ kékeré kan tí àwọn onílẹ̀ yọ̀ǹda fún mi lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin ni àgbẹ̀, ẹ̀yin náà ni oníṣòwò. A pín yín sí méjì láàárín ara wa, mi ò sì mọ̀ pé ibi tí a ti pín yín yẹn ni wàhálà máa gbà wọlé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wa iṣu tán ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ dé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ti ta ilẹ̀ yẹn o. Ilé ìjọsìn ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀."

"Kò burú. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n máa kọ ebè sábẹ́ àga wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ, mo jókòó sórí ebè kan, mi ò tètè dìde.

Mi ò ní àká iṣu, mi ò nílẹ̀ mọ́, òjò sì jìnnà. Mo bá kó iṣu yín, tó kéré tó ńlá, lọ fún Sàdíátù kó bá mi fi sínú ìsọ̀ títí a ó fi rí ibi gbìn ín sí. Ẹ mọ ìsọ̀ yẹn. Páànù lókè, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ooru inú rẹ̀ tó sè ẹyin. Ọdọọdún ni èéhù máa ń yọ lára iṣu níbẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Olè ni èéhù lójú oníṣu. Inú iṣu ló ti ń jẹun. Iṣu á fúyẹ́, á súnkì bí ọrùn arúgbó, oníbàárà á gbé e wò, á pòṣé, á gbé e sílẹ̀. Bí Sàdíátù bá ti dé ìsọ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kó máa ṣẹ́ èéhù, bí ẹ̀yin náà ti máa ń ṣe. Èmi á jókòó tì í, màá ní kó rọra, pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń ṣẹ́ lọ́rùn yẹn. Á ju ìpẹ̀pẹ́ iṣu lù mí.

Àsìkò yẹn ni ìròyìn kan dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu. Wọ́n ní ilé kan wà lápá Àbújá tí wọ́n ti ń ṣe iṣu kó má lè hù, kó má tètè bàjẹ́, láìfi oògùn sí i, láìfi iná yá a. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n kó iṣu sínú tírélà kan láti fi dán an wò. Gàníyù, àkọ́bí Sàdíátù, tí ẹ gbé pọ̀n kí ẹ tó lọ, òun ló wa tírélà náà. Sàdíátù bá ro ti iṣu yín. Ó ya ìborùn pupa yín tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó so ó mọ́ iṣu Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà dàrú mọ́ ti ọjà, ó sì kó wọn mọ́ ẹrù. Kò sọ fún mi. Ó fẹ́ kí n ṣàdédé rí i ni, kí n rí iṣu tó ń dán bí ọjọ́ tí mo wà á nígbà tí òjò bá dé.

Ìyá, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Wọ́n padà dé pẹ̀lú àkísà pupa lára. Mo gbé ọ̀kan, mo yí i, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Iṣu lásán ni. Mo ní àwọn wọ̀nyí ti rìnrìn àjò dé, wọ́n ti di Alhaji, kí Sàdíátù má tún fọwọ́ òsì mú wọn. Obìnrin kan fẹ́ rà nínú ti ọjà, ó ń bèèrè bóyá kò léwu. Mo ní kò séwu rárá, pé bó bá jẹ ẹ́ lálẹ́, ikùn rẹ̀ á máa tanná, kò ní nílò jẹnẹrétọ̀ mọ́. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀. Sàdíátù fa aṣọ orí rẹ̀ yọ, ó fi nà mí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n padà sílé pẹ̀lú iṣu ni?"

Gàníyù ló pe obìnrin náà padà, tó ṣàlàyé fún un. Èmi náà fetí sílẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ó ní ilé náà ní ògiri tó nípọn ju bí apá rẹ̀ ṣe gùn lọ. Nínú yàrá kan láàárín rẹ̀, kànga omi kan wà, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n ń tọ́jú irin kan tí wọ́n ń pè ní kóbáàtì sí. Irin yẹn kì í sinmi. Ìtànṣán tí ojú ò lè rí ń jáde lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bó bá bá ènìyàn lára á pa á, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú omi. Wọ́n á to iṣu sínú àpótí, ẹ̀rọ á máa wọ́ àpótí náà wọlé díẹ̀díẹ̀, gbogbo ènìyàn á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni irin á tó gòkè kúrò nínú omi. Ìtànṣán rẹ̀ á la iṣu kọjá bí èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le ju ìyẹn lọ fíìfíì. Irin kò kan iṣu. Iṣu kò gbóná. Bó bá tó bó ṣe yẹ, irin á padà sínú omi, iṣu á jáde.

"Ìtànṣán yẹn ò wá ní kù sínú rẹ̀?" Obìnrin náà ló bèèrè.

"Màmá, bí ẹ bá pa iná yàrá, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń kù sára ògiri?"

Obìnrin náà ra méjì. Ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni àìsàn ṣe Sàdíátù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń ka iṣu fún oníbàárà, ẹnu rẹ̀ wọ́, ó ṣubú sáàárín iṣu. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìgàndó. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, Ọlọ́run sì dá a sí, ṣùgbọ́n apá òsì ò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́. Dókítà ní kí a má jẹ́ kó gbọ́ ohun tó máa bà á lọ́kàn jẹ́. Mo jókòó tì í lórí àga onírin kan. Mo ní ó ti gbọ́n, pé ó fi apá kan sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rán an níṣẹ́ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìlàjì ẹnu. Mo jáde lọ fọ ojú.

Ohun tó kọ́kọ́ yé mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ là ni èyí: "Ẹ gbin Ìyá. Òjò ti dé."

Òjò ti dé lóòótọ́. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ sínú àwọn àpò ìrẹsì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, mo gbin iṣu yín sínú wọn lódidi, gbogbo wọn, àyàfi ọ̀kan tó tóbi jù tí mo gbé sójú fèrèsé pé kí Sàdíátù wá bá. Mo rò pé inú ìsọ̀ nìkan ni wọn ò ti ní hù, pé ilẹ̀ tútù á jí wọn. Mo ri ọ̀pá mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan. Mo ń dúró.

Àgbàdo tí alábàágbé mi gbìn lẹ́yìn mi yọ. Ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn yọ. Kòròfo ni ọ̀pá tèmi dúró. Sàdíátù ń fi fóònù Gàníyù pè mí láti orí ibùsùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó ti hù?"

"Sùúrù. O ò mọ̀ pé obìnrin ni Ìyá? Ó ń lé tìróò lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pè lẹ́yìn ìyẹn, mo ní ó ń so gèlè. Ó tún pè, mo ní ó ń wá bàtà. Nígbà tí gbogbo ọ̀ṣọ́ tí obìnrin ń ṣe tán lẹ́nu mi, mo gbẹ́ àpò kan wò.

Ìyá, mo ti dàgbà sídìí iṣu, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bí mo ṣe gbìn ín ni mo bá a. Kò rà. Kò súnkì. Kò ní gbòǹgbò kankan. Ara rẹ̀ le, ó tutù, ó dán. Àkísà pupa yín tó wà lára rẹ̀ ti ń jẹrà, òun kò jẹrà. Mo gbẹ́ èkejì, bákan náà. Mo gbẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan péré ló rà nínú wọn, èyí tí ọkọ́ mi ti gún lára nígbà tí mò ń wà á, torí ìtànṣán kì í di ojú ọgbẹ́. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn sí ọ̀kan yẹn. Òun nìkan ló ṣe bí iṣu.

Mo pe Gàníyù.

"Bàbá, iṣu Ìyá wo ni ẹ gbìn?"

"Èyí tó ní àkísà pupa. Ṣé òmíràn wà ni?"

Mo gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé ṣé fún jíjẹ ni gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé Màámi ti kó tiyín mọ́ ọn fún gbíngbìn. Bàbá, ohun tí wọ́n ṣe é fún gan-an nìyẹn. Kó má lè hù mọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí láé ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún un. Nínú gbogbo ohun tó lẹ́mìí, àṣẹ kan wà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, òun ló ń sọ fún ara pé kó pín, kó tún pín, kó di ewé, kó di ìtàkùn, kó di ọmọ. Àṣẹ yẹn ni ìtànṣán ń já. Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú oúnjẹ rà kò ní lè bí sí i mọ́ bó bá ti já tiwọn. Kòkòrò inú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ náà. Ojú iṣu, níbi tí èéhù ń gbà yọ, bẹ́ẹ̀ náà. Ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹran àti èlò ọbẹ̀ ń gba púpọ̀, ẹ̀wà ń gba díẹ̀, iṣu ló ń gba èyí tó kéré jù. Mo bi í pé kí ló dé tí ti iṣu fi kéré. Ó ní èéhù rọrùn láti pa.

Ìyá, ẹ wo nǹkan. Ohun tí ọmọ yín obìnrin fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà ní ìsọ̀ náà ni ohun tí ọmọ yín ọkùnrin fi gbogbo ayé rẹ̀ ń dúró dè lórí ebè. Nígbà tí wọ́n ní iṣu kò ní hù mọ́, ayọ̀ ló gbọ́. Etí oníṣòwò ló fi gbọ́ ọ. Ká ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin tí ẹ ní etí méjèèjì, ṣé ẹ ò bá ti béèrè? Ká ní ó sọ fún mi ńkọ́? Àbí èmi náà á kàn dápàárá, kí n jẹ́ kó kó wọn lọ?

Mo nu àwọn iṣu náà, mo ń sè wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan kí Sàdíátù tó padà sílé. Mo jẹ orí wọn pẹ̀lú. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Ẹ fìyà jẹ wá lásán láti kékeré, Ìyá. Orí iṣu ò dùn. Ó le, ó sì korò díẹ̀ ní ìdí.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì yín ránṣẹ́? Obìnrin tí wọ́n ní kó má gbọ́ ohun tó burú? Mo lọ sí Ìkọ̀tún, mo kọjá ìsọ̀ tiwa, mo lọ bá oníṣu mìíràn níwájú.

"Mo ń wá iṣu tó ti hù."

"Kí lẹ sọ? Bàbá, èyí tó hù la ń dà nù o. Ẹ wá gba èyí tó dára."

"Èyí tó dára ló kó mi sí wàhálà. Fún mi ní èyí tó bàjẹ́."

Ó wò mí, ó wo ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń wá mi kiri. Ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbìn ín sínú àpò tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti di ọ̀pá mú, ó ń gùn ún lọ bí ẹni tó jogún bá ilé. Nígbà tí Sàdíátù tún pè pé ṣé ó ti hù, mo ní, "Ó ti jáde síta. Wá wo ọ̀ṣọ́." Ó kígbe, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbé fóònù jìnnà sí etí.

Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú. Gàníyù gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó lọ wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Kò gba omi, kò kí ẹnikẹ́ni, ìdí àpò yẹn ló fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà. Mo gbé àga lé e lẹ́yìn. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n kí i, pé ẹ ní ó ti rù.

Ó na ọwọ́ tó gbádùn. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ gba ara ìtàkùn náà láti ìdí, díẹ̀díẹ̀, títí dé òkè.

Kò gún un.

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo àtàǹpàkò náà pẹ́, bí ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀.

"Ìyá ti rọ̀ o," ó ní. "Ṣé ikú ló kọ́ wọn ní sùúrù?"

Ẹnu tí ẹ ní ẹ̀yin á fi owú rán lọ́jọ́ kan, ó rán ara rẹ̀.

"Èló lẹ ra irọ́ yìí, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀. Irọ́ ọ̀fẹ́ kì í lẹ́gùn-ún." Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Àwọn tó lọ Àbújá yẹn ni, àbí? Wọ́n ò hù."

"Wọn ò hù."

"Èmi ni mo pa wọ́n."

"Ìwọ kọ́."

"Ta wá ni?"

Ìyá, ta ni? Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe, wọ́n tiẹ̀ béèrè. Gàníyù dáhùn ohun tó mọ̀. Onílẹ̀ ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Sàdíátù nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀, ẹ sì ti tán.

Ó ní, "Ó ku mélòó?"

"Ọ̀kan."

"Ẹ gbé e wá. Ebi ń pa mí."

Mo gbé e kúrò lójú fèrèsé. Àkísà pupa ṣì wà lára rẹ̀. Ojú fèrèsé yẹn, tí oòrùn ń wọ̀, tí èéfín Ìgàndó ń wọ̀, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti rà lé, iṣu yìí kò yí padà. Ó gbé e lé itan. Ó fi ọwọ́ tó ti kú tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, ó fi ìka ọwọ́ kejì wọn orí rẹ̀, bí ẹ ti máa ń wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́, ó gba ọ̀bẹ, ó gé e. Ó nà án sí mi.

"Ẹ wá eérú sí i."

"Sàdíátù, sítóòfù ni mò ń lò. Kì í ní eérú."

"Ẹ lọ wá a. Àdúgbò tó tó báyìí, wọn ò lè ṣàìní eérú."

Mo gbé abọ́, mo jáde. Mi ò lè sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi ti kú, torí ó mọ̀. Àbí kò mọ̀ mọ́? Àbí àìsàn yẹn gba ibẹ̀ lọ? Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Mo dé òpópónà kejì kí n tó rí obìnrin kan tó ń fi igi dín àkàrà.

"Bàbá aláwàdà! Kí lẹ fẹ́ fi eérú ṣe? Ojú ta lẹ tún fẹ́ kùn?"

"Mo fẹ́ fi sin ìyá mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó bu eérú kún abọ́ fún mi, ó sì fi àkàrà kan lé e pé kí n fi ṣe sàráà. Mo dúpẹ́.

Nígbà tí mo padà, Gàníyù ti bẹ iṣu, ó ti wà lórí iná. A fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Sàdíátù ń fi apá kan ẹnu jẹun. Adùn rẹ̀ kò yí padà rárá, Ìyá, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bí a ti mọ̀ ọ́n nílé yín náà ni. A jẹ yín tán, a fi ọwọ́ nu abọ́.

Mo ra orí iṣu náà pẹ̀lú eérú, mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàkùn tí kò lẹ́gùn-ún, nínú àpò kan náà. Sàdíátù ń wò mí láti orí àga. "Ẹ bu omi sí i," ó ní. Gàníyù sì gbé e lọ.

Ó ṣì ń pè mí. Ó ṣì ń béèrè pé ṣé ó ti hù. Èmi náà ṣì ń dáhùn pé ẹ ń lé tìróò lọ́wọ́. Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ pa fóònù.

Láàárọ̀ yìí mo gbẹ́ ẹ wò. Ó ti rọ̀ lábẹ́ ìka mi. Ó ti ń rà, Ìyá. Gbòǹgbò iṣu tí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ti gba ibi tí ọ̀bẹ kọjá wọ inú rẹ̀, ó ń mu nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí eékún mi fi ní ó tó. Mo bò ó padà, mo bomi sí i.

Ìrọ̀lẹ́ yìí Sàdíátù máa pè. Kí ni kí n sọ fún un?

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ jẹ́ kó dúró nínú ọkọ̀ nítorí iṣu, tó ṣì dúró, tí kò sì bínú sí yín.